Bí a ṣe ń gba omi òjò sílẹ̀ de ọ̀gbẹlẹ̀

Òjò kì í dé lásìkò mọ́. Bó bá sì dé, á rọ̀ kíkankíkan, á dá wáí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó ṣàn dànù. Òrùlé páànù tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, lè fún yín ní nǹkan bíi lítà 400 bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀.

Ẹ so gọ́tà mọ́ etí òrùlé, kó dagun díẹ̀ síhà àgbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba omi tó kọ́kọ́ ṣàn: eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀ bọ̀. Èmi máa ń bu díẹ̀ sínú ife funfun wò. Bó bá mọ́ gaara, mo wá darí rẹ̀ sínú àgbá.

Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu àgbá, torí ẹ̀fọn. Kí ẹ tó mu ún, ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú 1, tàbí 3 lórí òkè gíga.