Ẹ má dúró di December kẹ́ ẹ tó wá ààyè RV

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé RV (ọkọ̀ ńlá téèyàn lè máa gbé inú ẹ̀ bí ilé) sá fún òtútù lọ Florida lọ́dún yìí, ẹ tètè búùkù o, torí January sí March gbogbo páàkì tí wọ́n ń gbé RV sí níbẹ̀ ló máa ń kún fọ́fọ́, àwọn bàbá àti màmá tó ti rẹ̀tayà láti Michigan àti Kánádà á ti gba ààyè sílẹ̀ tipẹ́. Páàkì ìjọba Florida, ará ibẹ̀ lè búùkù ní oṣù mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dé, àwa àlejò ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú. Èmi ò mọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, iwájú ilé epo la sùn, ìyàwó mi ò dá mi lóhùn títí ilẹ̀ fi mọ́ 😂

Báyìí, àràárọ̀ ni mo máa ń wo sáìtì wọn, torí àwọn kan máa ń káńsù, àárín ọ̀sẹ̀ sì máa ń rọrùn ju wíkẹ́ńdì lọ. Tó bá sú yín, ẹ kọrí sí La Posa ní Quartzsite, Arizona, ilẹ̀ ìjọba ni, September 15 sí April 15, ẹ ṣáà ra pámíìtì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú ibi tó wù ú. Àmọ́ ẹ gbé sólà dání o, kò síbi tẹ́ ẹ máa ki wáyà iná bọ̀.