Ewì àti ìwé aláwòrán ní kíláàsì: àwọn àṣìṣe tó ń ba ẹ̀kọ́ ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́

Àṣìṣe tó burú jù ni kí olùkọ́ jẹ́ kí ìwé máa sọ fún òun irú ìgbà tí a wà. Ọ̀pọ̀ ìwé aláwòrán tó ń dé ọwọ́ olùkọ́ ní Kétu, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìgbà mẹ́rin ló sì wà nínú wọn: ìgbà òdòdó, ìgbà ooru, ìgbà tí ewé ń wọ́, àti ìgbà òjò dídì. Olùkọ́ á ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá, á ní kí àwọn ọmọ ya ewé pupa tó ń já bọ́, nígbà tó jẹ́ pé àgbàdo àrọ̀kúrò ló ń gbó lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ á yà á, olùkọ́ á fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọmọ ò ní rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn án.

Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, á sì máa rọ̀ títí wọ oṣù keje. Á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Àrọ̀kúrò á dé ní oṣù kẹsàn-án, á bá wa dé oṣù kọkànlá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ á sì máa fẹ́ láti oṣù kejìlá títí di nǹkan bí oṣù kejì. Ṣábẹ̀ẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀ gan-an: ìdádúró oṣù kẹjọ kì í sábà hàn gbangba níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ sì gùn ju ti Àjàṣẹ́ lọ. Olùkọ́ tó bá da ètò Àjàṣẹ́ kọ fún àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ti ṣe àṣìṣe kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ̀ kò wá láti òkè òkun.

Ẹ gé páálí róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ẹ pín in sí oṣù méjìlá, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri láìya ohunkóhun sí i. Ohun tí àwọn ọmọ bá rí ni kí wọ́n máa yà sí i: kajú tó pọ́n lórí igi, màǹgórò, ikán tó hu ìyẹ́ tó ń fò yí iná ká lálẹ́ ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, lékeléke lẹ́yìn màlúù. Páálí yìí ni ẹ ó máa wò kí ẹ tó mú ìwé. Ẹ má sì ju ìwé òjò dídì nù. Àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú gan-an ni àkókò rẹ̀. Ẹ fa ìlà kan sí àárín pátákó: kí ni ọmọ inú ìwé wọ̀, kí ni àwa náà wọ̀? Kí ni òtútù ṣe sí omi níbẹ̀, kí ni ọyẹ́ ṣe sí ètè wa níbí? Ọmọ CP, ìyẹn kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè sọ̀rọ̀ lórí èyí títí agogo á fi lù.

Àṣìṣe kejì jọ ti àkọ́kọ́: kíkọ ọjọ́ òjò sínú ètò ẹ̀kọ́. A kì í fún òjò ní ọjọ́. Tó bá ti di ìdajì oṣù kẹta, ẹ di ẹrù òjò àkọ́rọ̀ sínú àpò kan, ìwé kan, ewì kan, ike òfìfo kan, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ọjọ́ kejì òjò gan-an, nígbà tí erùpẹ̀ ṣì ń ta sánsán, ni kí ẹ tú u. Tí ẹ bá sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilẹ̀ á ti gbẹ, ẹnu ọmọ náà á sì ti gbẹ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ kì í rántí, èyí ni páànù. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ lórí páànù ilé ẹ̀kọ́, ọmọ tó jókòó sí ìlà kejì gan-an ò ní gbọ́ ohùn olùkọ́. Kíkígbe ka ìwé lórí òjò máa ń ba ọ̀fun jẹ́ lásán. Ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá, àwòrán nìkan, ni kí ẹ fi pamọ́ de irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rìn láàárín àwọn ọmọ, ẹ ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọwọ́ àti ojú fèsì. Nígbà tí òjò bá dá ni wọ́n á tó fi ẹnu sọ ìtàn náà fúnra wọn, ẹ ó sì rí i pé wọ́n ti tò ó sínú pátápátá.

Nípa àwòrán, ibi tí ojú ọmọ dé ló ṣe pàtàkì. Nínú kíláàsì ọmọ àádọ́ta, ìwé tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ méjì kò wúlò fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń pariwo. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì. Kí ìdajì máa yàwòrán, kí ìdajì kejì wá jókòó sílẹ̀ ní ìlàjì òbìrí, kí ẹni tó jìnnà jù má ju mítà mẹ́ta lọ sí ìwé. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi di ìwé mú láti ìsàlẹ̀, nítorí àtàńpàkò máa ń bo ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ rí. Bí kò bá ṣeé pín, ẹ ya àwòrán mẹ́rin tó ṣe kókó sẹ́yìn bébà sìmẹ́ńtì tí ẹ ti gbọn, kí lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí i ga tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Kí àwọn ọmọ sì wo àwòrán tán kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ka gbólóhùn kan ní Faransé, tó tún ń túmọ̀ rẹ̀, tó tún ń ka òmíràn, ti gé ìtàn náà wẹ́wẹ́.

Ewì ló ń jìyà jù lọ. Àṣà tó gbilẹ̀ ni pé olùkọ́ á kọ ìlà mẹ́rìndínlógún sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á lọ há a sórí nílé, wọ́n á wá kà á bí ẹni tó ń sá fún nǹkan. Ìlà mẹ́rin sí mẹ́jọ ti tó fún CI (kíláàsì kìíní) àti CP. Etí ni kí ó kọ́kọ́ gbà á. Ọjọ́ kìíní, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn ọmọ kàn máa gbọ́. Ọjọ́ kejì, kí wọ́n máa gbè é. Ọjọ́ kẹta, àtẹ́wọ́ àti ìṣe ara. Ọjọ́ kẹrin ni kí ẹ tó kọ ọ́, kí àwọn ọmọ sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn dípò. Bí àpẹẹrẹ:

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ dé,
Ètè mi ń sán.
Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ dé,
Ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹfun.
Ìyá, bá mi wá òrí,
Kí n fi para kí n tó jáde.

Ìlà kejì àti ìkẹrin ni àwọn ọmọ máa ń pààrọ̀. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni ọyẹ́ ṣe nílé yín láàárọ̀ yìí? Ọ̀kan á ní aṣọ òun tètè gbẹ, òmíràn á ní omi ìwẹ̀ tutù, ẹlòmíràn á ní erukú bo tábìlì. Ẹ gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ọmọ Kétu bá sọ ọ́ ní èdè Kétu, ẹ má sọ ọ́ di ti Ọ̀yọ́ fún un. Ẹ má sì máa fi ipá wá ìró tó bára mu ní ìparí ìlà bíi ti ewì Faransé. Àwítúnwí àti ohùn ló ń di ewì tiwa mú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbé e sórí orin ilẹ̀ òkèèrè, nítorí orin tó bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ á sọ òjò di ojo.

Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ìwé tó wá láti Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Èyí tí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ń lo ni kí ẹ fi tún ewì náà kọ látòkè délẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ kò lè ru méjèèjì pọ̀ lójú bébà kan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ tì í, ẹ wọn òjò. Ẹ gé orí ike omi lítà kan àtààbọ̀ níbi tí èjìká rẹ̀ parí sí, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ara rẹ̀ bí àrọ. Ìsàlẹ̀ ike kì í tẹ́jú, nítorí náà ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bu omi títí á fi bo òkúta tó sì dé ibi tí ara ike ti gún, ẹ fa ìlà òdo síbẹ̀, kí ẹ lẹ rúlà mọ́ ọn láti ibẹ̀ lọ sókè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé e sábẹ́ etí òrùlé: omi páànù ni wọ́n ń wọ̀n nìyẹn. Ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, jìnnà sí igi, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ fi bíríkì yí i ká nítorí ewúrẹ́. Àárọ̀ ni kí ẹ kà á kí oòrùn tó fà á, kí ẹ sì da omi rẹ̀ padà sí òdo. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi epo pupa pa bébà funfun kan, ẹ fi há ojú fèrèsé fún ọjọ́ kan. Erukú tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á fi ohun tí ewì ń sọ hàn wọ́n.

Nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pàápàá ní Kétu, níbi tí àwọn ọmọ ti ń rí i lẹ́yìn ìkórè: orin ẹ̀fẹ̀ ti òru ń bá àgbà wí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ kíláàsì. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò kí ẹ tó yan èyíkéyìí, kí ẹ sì tó ní kí ọmọ fi páálí gé ère.

Ìwé fúnra rẹ̀ náà ń jìyà ìgbà. Ọyẹ́ máa ń mú kí gúlúù gbẹ kí ẹ̀yìn ìwé sì là. Òkùn àti abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi rán an, ó pẹ́ ju téèpù lọ. Òjò ń mú kí ìwé bu, ikán sì ń gba ara ògiri gòkè. Kí ẹ tó ti ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹfà, ẹ sá ìwé sí ìbòòji fún ọ̀sán kan, ẹ kó wọn sínú ike onídèérí, ẹ gbé e lé orí tábìlì tí kò kan ògiri, kí ẹ sì bọ ẹsẹ̀ tábìlì náà sínú agolo tí ẹ bu epo ẹ̀ńjìnnì díẹ̀ sí.