Apá transducer tí ẹ ń fọwọ́ ara yín ṣe: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó

Láti ìgbà tí yìnyín ti dì lórí adágún Mille Lacs, kò sí Sátidé kan tí ẹnìkan kò gbé apá transducer tó kán wá sí gárééjì mi. Apá yìí ni páìpù tí à ń fi gbé transducer, ojú sónà (ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja), sínú omi láti inú ihò yìnyín. A ti pọ̀ díẹ̀ báyìí ní Minnesota níbí, àwa ọmọ Yorùbá tí òtútù kò lè sé mọ́lé mọ́, tí a ń lu ihò sínú yìnyín láti pa ẹja walleye àti crappie. Inú mi ń dùn sí i. Owó tó ń ṣègbé ló ń bí mi nínú. Èèyàn á ra sónà olówó ńlá, apá tó bá a wá á kán tàbí kó kúrú, á ní òun á ṣe òmíràn fúnra òun, á wá ṣe é bí ẹni ń ṣe igi ìgbálẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe apá yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Àkọ́kọ́, ẹ yé fi ike PLA ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan, nílé ni mò ń bá wí. PLA máa ń dán, ó sì máa ń le nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n nínú òtútù, ó ń ṣẹ́ bí igi ìṣáná. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rò: òtútù máa ń mú kí ike sún kì ju alumíníọ́ọ̀mù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Òrùka ike tó bá páìpù mu rẹ́gí nínú gárééjì tó móoru á fún páìpù náà lọ́rùn nígbà tó bá dé orí yìnyín ní −25 °C, títí òrùka náà á fi là. Èyí tí ẹ sì kì bọ inú páìpù á wá máa mì. Ike PETG tàbí ASA sàn jù. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí àárín.

Ìkejì, páìpù PVC funfun tí púlọ́ńbà ń lò: rárá.

Ìkẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé wáyà transducer. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí wáyà gba inú páìpù kọjá kó lè mọ́ lójú. Orí wáyà náà tóbi ju ẹnu páìpù lọ. Mo mú púláyà, mo gé e, mo kì í kọjá, mo tún un so, mo jó o pọ̀, mo fi téèpù dúdú wé e. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta omi ti wọ inú rẹ̀, ojú ẹ̀rọ kún fún ìlà wínníwínní bí òjò. Àwọn wáyà tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ní aṣọ irin wíwun lára tí kì í jẹ́ kí ariwo iná wọlé. Ẹni tó bá gé e ti ba ààbò yẹn jẹ́. Transducer yẹn kò bọ̀ sípò mọ́, mo sì fi gbogbo oṣù kìn-ín-ní pẹja bí afọ́jú. Ó ń dùn mí títí dòní. Ẹ di wáyà mọ́ ẹ̀yìn páìpù pẹ̀lú okùn Velcro, kí ẹ sì jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Sónà tó ń wo iwájú, irú LiveScope, kì í ṣe ohun tí à ń sọ̀ sínú omi tí à ń gbàgbé síbẹ̀. Ńṣe là ń yí i. Ọwọ́ wa ń yí apá lókè, ojú transducer ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ọfà tó wà lókè sì ń sọ ibi tó kọjú sí fún wa. Ìró tó ń rán jáde fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 20, nítorí náà kò yẹ kí apá tún dá kún un. Kí wá lẹ máa ń ṣe? Níbi tí bóòtù ti so àwọn páìpù apá pọ̀, ẹ ó lu ihò tó tóbi ju bóòtù lọ sára wọn, kí bóòtù lè wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Páìpù íńṣì 1 jẹ́ milimítà 12.7 láti àárín dé etí. Bí ihò bóòtù bá fi àyè milimítà 2 sílẹ̀, ọwọ́ òkè á ti yí ní dígírì 9 kí transducer tó mọ̀ pé ẹnìkan ń yí òun. Tí ẹja bá wà ní mítà 20, ẹ ti fi nǹkan bíi mítà 3 ṣìnà.

Àbúrò wa kan dé lọ́dún tó kọjá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, transducer mi ti bàjẹ́. Mo ń rí ẹja, tí mo bá lu ihò síbẹ̀, kò sí nǹkan kan.” Ó ti lu ihò 14 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ti ń múra láti san ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là ra tuntun. Mo di ẹsẹ̀ apá náà mọ́ fáìsì, mo ní kó yí ọwọ́ òkè. Ó yí i: kọ́-kọ́. Ìsàlẹ̀ kò mì. Ó yí i padà: kọ́-kọ́. Ó wojú mi. Bóòtù ti jẹ ihò alumíníọ́ọ̀mù náà títí ó fi gùn bí ẹyin. Ohun tí kò tó dọ́là 5 láti tún ṣe ló fẹ́ ná gbogbo owó yẹn lé lórí.

Ẹ lo páìpù onígun mẹ́rin. Àwọn bẹ́ẹ̀ kì í yí nínú ara wọn bí olóbìrípo. Bó bá jẹ́ olóbìrípo lẹ ní, ẹ lu ihò tó kéré díẹ̀, kí ẹ fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹ́ pé ẹ ní láti fi òòlù lu bóòtù díẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ fi bóòtù kejì dábùú rẹ̀. Ọfà ńkọ́? Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ nílé. Ẹ lu ihò méjì lórí yìnyín, mítà 6 síra wọn, ẹ sọ ìwọ̀ kan sínú ìkejì, ẹ yí apá títí ìwọ̀ náà á fi hàn kedere jù lójú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni kí ọfà kọjú sí ihò kejì, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti dè é pa.

Gígùn náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Minnesota ní kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín tí kò tó íńṣì 4. Ọ̀pọ̀ ń wọn apá wọn nígbà tí yìnyín ṣì rí bẹ́ẹ̀, bó bá di oṣù kejì tí yìnyín ti nípọn tó íńṣì 30, transducer á wà nínú ihò, ògiri yìnyín ni yóò máa wò. Ó gbọ́dọ̀ yọ sísàlẹ̀ yìnyín pátápátá. Ti èmi máa ń nà tó ẹsẹ̀ bàtà 5.

Ẹ má dí ìdí páìpù pa. Omi á ṣáà wọlé, omi tó bá sì dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti jí bá páìpù mi tó là gbọọrọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ihò kékeré méjì nísàlẹ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo flasher, sónà tó ń wo ìsàlẹ̀ tààrà, irú Vexilar, ẹ má fi irin líle de transducer tiyín. Wáyà rẹ̀ ló yẹ kó fi so rọ̀, kó dúró ṣánṣán bí irin tí bíríkìlà ń fi okùn so láti wo ògiri. Iṣẹ́ apá ni pé kó gbé wáyà dé àárín ihò, ó tán.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé igi ìdábùú, èyí tó dábùú orí apá kó má baà bọ́ sínú ihò. Ní Upper Red Lake, ihò íńṣì 10, apá tí kò ní ìdábùú bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nígbà tí ẹja fà á. Wáyà nìkan ló dá a dúró, ó nà gbọnrangandan láti ara ẹ̀rọ wọnú omi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín, mo ki ọwọ́ bọ omi dé èjìká, mo fi ìka méjì mú orí páìpù náà, mo sì fà á jáde. Láti ọjọ́ náà, kò sí apá tó ń kúrò ní gárééjì mi láìní ìdábùú tó fi íńṣì 4 gùn ju ihò lọ.