Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ásíìdì Sínú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe ni pé kí ó mú pH omi, ìyẹn ìwọ̀n tí ń fi hàn bí omi ṣe ní ásíìdì tó (bí ó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí), dúró láàárín 7.2 sí 7.8, nítorí bí pH bá ṣe ń ga sí i ni agbára klórínì láti pa kòkòrò àrùn ń dín kù. Ní pH 7.5, nǹkan bí ìdajì klórínì inú omi ni ó wà ní irú èyí tí ó lágbára jù. Bí pH bá fi di 8, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù. Ẹ̀rọ náà wúlò gan-an, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe kan wà nínú ìtọ́jú rẹ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni kí ásíìdì àti klórínì olómi pàdé. Bí hydrochloric acid, ásíìdì tí a ń lò, bá kan sodium hypochlorite, ìyẹn klórínì olómi, gáàsì klórínì ni yóò jáde, ó ń ta ojú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pani nínú yàrá tóóró tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Ìpàdé yìí kì í sábà jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ẹnì kan lè fi àrọ tí ó fi rọ klórínì lánàá rọ ásíìdì lónìí. Ẹlòmíràn lè da ìyókù kẹ́ẹ̀gì kan sínú òmíràn nítorí pé wọ́n jọra lójú. Ẹlòmíràn lè yọ rọ́bà lára pọ́ǹpù klórínì kí ó sì fi sí ti ásíìdì. Ẹ jẹ́ kí ohun èlò ásíìdì dá wà, kí ẹ kọ orúkọ sí ara kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan gàdàgbà, kí ẹ má sì kó àwọn méjèèjì sí ibi kan náà, ìbáà jẹ́ pé a ti dé wọn pa.

Èyí tí mo fẹ́ kí olùtọ́jú adágún gbogbo kà lẹ́ẹ̀mejì ni ti ẹ̀rọ tí ń fún oògùn, ìyẹn ásíìdì àti klórínì, nígbà tí omi kò rìn. Bí pọ́ǹpù ńlá tí ń yí omi ká bá dúró, yálà nítorí pé ó bàjẹ́ tàbí pé ẹnì kan pa á láti fọ àsẹ́, tí pọ́ǹpù ásíìdì àti ti klórínì kò sì dúró pẹ̀lú rẹ̀, oògùn méjèèjì yóò kó jọ sínú páìpù, wọn yóò sì di gáàsì níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìgbà tí a bá tún tan pọ́ǹpù ńlá ni gáàsì náà yóò tú jáde sáàárín àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí sì ti sọ di èrò ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí a fi ń so iná pọ́ǹpù oògùn mọ́ ti pọ́ǹpù ńlá, tí a sì ń fi síwíìṣì kan sójú páìpù kí ó lè gé iná wọn bí omi kò bá sàn. Àwọn kan a máa so wáyà síwíìṣì yìí pọ̀, kí ó má lè gé iná mọ́, nígbà tí ó bá ń dá iṣẹ́ dúró ṣáá. Ẹ má ṣe é láéláé. Yálà omi kò rìn dáadáa tàbí síwíìṣì náà ti bàjẹ́, ẹ wádìí èyí tí ó jẹ́. Nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú omi, ẹ máa pa pọ́ǹpù ńlá láti fi ojú ara yín rí i pé àwọn yòókù dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bí omi bá sì ti dúró rí, kí gbogbo ènìyàn jáde kí ẹ tó tún un tàn.

Ohun tí ọ̀pá ìwọn pH bá sọ nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Bí gíláàsì ẹnu rẹ̀ bá dọ̀tí tàbí tí ó gbó, ó lè ka 7.9 nígbà tí omi wà ní 7.1, ásíìdì yóò sì máa wọlé lọ. Omi ìdíwọ̀n pH 7 àti pH 4 ni ẹ fi máa tún un ṣe. Ẹ má fi aṣọ ha gíláàsì náà, ẹ má sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ máa fi ọwọ́ yẹ omi wò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí klórínì bá pọ̀ jù, phenol red, oògùn tí a ń kán sínú omi láti fi àwọ̀ rẹ̀ mọ pH, a di elésè àlùkò, ènìyàn a sì rò pé pH ga. Bí pH bá sì ń lọ sókè sódò, ẹ wo total alkalinity, ìyẹn ohun tí ó wà nínú omi tí kì í jẹ́ kí pH tètè yí padà, kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi: bí ó bá kéré sí mílígíráàmù 80 nínú lítà kan, ásíìdì díẹ̀ ni yóò wó pH lulẹ̀.

Rọ́bà inú pọ́ǹpù a máa là bí ó bá pẹ́, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó jò. Ẹ má tú u nígbà tí ásíìdì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí pọ́ǹpù fa omi mímọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ pa iná, ẹ ti fáàfù, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ po ásíìdì mọ́ omi kí ó má baà le jù, ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì.

Bí ásíìdì bá dà sílẹ̀, omi púpọ̀ tàbí sodium bicarbonate (baking soda) ni kí ẹ lò, kì í ṣe klórínì. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tí ń sàn ṣan án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, pẹ̀lú ìpéǹpéjú ní ṣíṣí, kí ẹ tó gbé onítọ̀hún lọ bá dókítà. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ẹ̀rọ yìí níbi tí omi kò bá sí nítòsí.