Bí mo ṣe wá ń mọ ohun tí màá sọ níwájú olùgbaninímọ̀ràn mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ bá olùgbaninímọ̀ràn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá ní, "Kí la fẹ́ sọ lónìí?", màá ní kò sí nǹkan, àlàáfíà ni. Ìṣẹ́jú 50 yóò lọ sórí oòrùn àti ọ̀wọ́n epo. Ìgbà tí mo bá di ilẹ̀kùn mú tí mo fẹ́ máa lọ ni ọ̀rọ̀ gidi á tó bọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì sunkún látìgbà tí a ti sin màmá mi." Àkókò sì ti tán.

Mo ra ìwé kékeré kan ní Tákíé, mo fi sínú báàgì. N kì í kọ ìtàn sínú ẹ̀ o. Ohun tó bá gbé mi lọ́kàn láàárín ọ̀sẹ̀ ni, ìlà kan péré. "Mo rí irú ìró màmá mi nídìí ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́." "Mo jágbe mọ́ àbúrò mi nítorí omi." Bó bá ku ọ̀la kí n lọ, màá kà á. Èyí tí ojú ń tì mí láti kà sókè, òun ni mo máa ń fi ṣáájú. Bí kò bá ṣeé sọ, màá na ìwé náà sí wọn.

Ọjọ́ tí ìwé bá ṣófo, màá sọ pé mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì sunkún.