Bí mo ṣe yan ọ̀nà rélùwéè Zaria sí Kaura Namoda fún eré kọ̀ǹpútà

Àwọn kan tó ń ṣe eré awakọ̀ ojú irin lórí kọ̀ǹpútà ní kí àwọn èèyàn dábàá ọ̀nà rélùwéè tí àwọn lè fi sínú rẹ̀. Ọ̀nà Abuja sí Kaduna ni mo kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́. Èmi tí mò ń gbé Kubwa ní Abuja, kí ni ìbá tún wá sí mi lọ́kàn? Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: 186.5 km láti téṣọ̀n Idu ní Abuja dé ti Rigasa ní Kaduna, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó ń ṣe eré awakọ̀ ojú irin náà dá mi lóhùn pé ó dára, àmọ́ ọ̀nà ẹrù làwọn ń wá. Kí ni dírẹ́bà fẹ́ kó? Ibo ló ti máa kó o? Ta ló máa gbà á? Ẹnu mi wọhò.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ọ̀fà, tó ṣe gáàdì rélùwéè, ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ láti bójú tó o, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mo lọ kí i lálẹ́. Bàbá kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi onírùngbọ̀n ń fi ọkọ̀ ṣeré. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ẹrù lò ń wá, lọ sí Zaria."

Ẹ̀ka tó yà lára ọ̀nà Èkó sí Kano ló ń sọ, èyí tó gba Funtua àti Gusau dé Kaura Namoda. Irin tóóró àtijọ́ ni, 1067 mm láàárín irin méjèèjì, kì í ṣe 1435 mm ti Abuja. Òwú àti ẹ̀pà ni wọ́n ń kó níbẹ̀ láyé ìgbà náà. Mo ní kí n fà á dé Èkó, bàbá ní Kano sí Èkó nìkan lé ní 1,100 km, ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀?

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tọ irin náà lórí Google Earth. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń kọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ìgbà náà ni mo rí i: Funtua fi ohun tó ju 100 mítà ga ju Gusau lọ. Ọkọ̀ tó kún fún ẹ̀pà, tó ń lọ sí Zaria, ló ń gun òkè, èyí tó fúyẹ́, tó ń padà, ló ń sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún mi ni?"

Bí àbá eré náà ṣe jáde nìyẹn. Mo fi í sí àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn ìkórè, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú Enugu, àwọn tí wọ́n fi orúkọ odò sọ. Dírẹ́bà á máa so wágọ̀n mọ́ra láti téṣọ̀n kan sí èkejì, á sì fà wọ́n dé Zaria, níbi tí ọkọ̀ ńlá Èkó ti máa gbà wọ́n. Irin kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá pàdé ẹ, o ní láti yà sí ẹ̀gbẹ́ ní téṣọ̀n kó lè kọjá. Ẹni tí kò ní sùúrù, kó má bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, àwọn tó ń ṣe eré náà sì ti kọ̀wé padà pé àwọn ń fẹ́ àwòrán téṣọ̀n Funtua. Mo kà á fún bàbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Gáàdì ńkọ́? Ṣé dírẹ́bà nìkan ló wà nínú eré yín?"

Mo ti fi ìyẹn kún lẹ́tà tí mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn.