Bí mo ṣe ya labalábá lórí òdòdó Akíntọ́lá, tí mo sì tún àwòrán rẹ̀ ṣe

Nígbà ọyẹ́, ewé Akíntọ́lá máa ń tanná káàkiri àwọn ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí ní Àjíbọ́dẹ, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ó máa ń gba oko mọ́ ẹni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ ni labalábá máa ń rọ́ wá bá. Èyí tí mo fẹ́ yà ni Danaus chrysippus, labalábá aláwọ̀ ọsàn tí etí apá rẹ̀ dúdú. Kí ó tó hu apá, ewé bomubomu tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà ni ó ń jẹ, ibẹ̀ sì ni ó ti ń rí májèlé tí ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹyẹ.

Oòrùn ni labalábá máa ń yá kí ara rẹ̀ tó gbóná tó láti fò, nítorí náà òwúrọ̀ ni mo lọ, nígbà tí kò tíì yára púpọ̀. Lẹ́ǹsì 100mm tí a fi ń ya nǹkan kékeré nítòsí ni mo lò, mo fi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí f/8, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí fún 1/640 ìṣẹ́jú àáyá péré, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń mi òdòdó.

Mo fi orúnkún rìn sún mọ́ ọn, mo sì ń ṣọ́ òjìji ara mi kí ó má baà ṣú bò ó. Bí a bá sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò hàn kedere nínú àwòrán, ìyókù yóò sì ṣe bàìbàì. Nítorí náà, nígbà tí ó pa apá rẹ̀ pọ̀ láti mu omi dídùn inú òdòdó, mo yí títí tí apá náà àti ojú lẹ́ǹsì fi kọjú síra gẹ́lẹ́, kí gbogbo rẹ̀ lè mọ́ láti ojú rẹ̀ dé ìdí apá. Mo wá rí i pé igi gbígbẹ kan dábùú ẹ̀yìn ìwo orí rẹ̀. Mo sún díẹ̀ sí òsì, ewéko tí ó jìnnà bọ́ sí ipò igi náà, ẹ̀yìn àwòrán sì di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo. Sísún díẹ̀ yẹn ṣe àwòrán náà lóore ju gbogbo ohun tí mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà lọ. Níwọ̀n bí labalábá náà ti kọjú sí ọ̀tún, apá òsì àwòrán ni mo fi í sí, kí àyè lè wà níwájú rẹ̀.

RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni mo fi yà á, inú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ni mo sì ti tún un ṣe. Àwọ̀ ọsàn máa ń tètè pọ̀ jù. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìpẹ́ wínníwínní tí ó bo apá labalábá yóò pòórá. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ibi tí ó mọ́ jù kù, mo dín àwọ̀ ọsàn náà kù díẹ̀, mo sì jẹ́ kí ojú àti apá nìkan túbọ̀ hàn ketekete.

Ohun tí n kò jẹ́ fọwọ́ kàn láé ni àwọn àmì dúdú. Danaus chrysippus ní mẹ́ta láàárín apá ẹ̀yìn, akọ sì tún ní ìkẹrin. Mo ka mẹ́rin lára èyí tí mo yà, mo sì mọ̀ pé akọ ni. Abo Hypolimnas misippus, labalábá mìíràn tí kò ní májèlé, jọ ọ́ débi pé ó ń tan ẹyẹ jẹ, ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo ni ó ní, ní etí iwájú apá ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá pa àmì wọ̀nyí rẹ́ kí àwòrán lè dán ti sọ labalábá kan di òmíràn. Mo fi ibi tí etí apá rẹ̀ ti ya náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Eruku inú kámẹ́rà, tí ó hàn bí tótó dúdú lórí àwọ̀ ewé ẹ̀yìn, nìkan ni mo yọ kúrò, lẹ́yìn náà ni mo kọ Àjíbọ́dẹ, Ìbàdàn, àti ọjọ́ tí mo yà á sí ara fáìlì náà.